Ẹ̀gbà Tó ń Pariwo Wárápá

Kọ́là ẹ̀wù funfun kan ni Adúmáadán ń lọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alágbàfọ̀ mọ̀ pé ara kọ́là ni wọ́n ti ń dá ọ̀gá mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Etí méjèèjì ni wọ́n ti ń ti áyọ́ọ̀nù wá sí àárín. Bí wọ́n bá ti àárín lọ sí etí, aṣọ á ká jọ, kọ́là á sì rí wúruwùru bí etí ajá tí òjò pa. Ti Adúmáadán kì í ká jọ. Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kó ẹ̀wù wọn dé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé arẹwà dúdú yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí?"

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń lo tábìlì gígùn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Abọ́ omi wà láàárín wọn tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ láti fi wọ́n aṣọ. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í fi ojú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, máa ń jókòó sídìí káńtà, níbi tó ti ń gba aṣọ tó sì ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ẹ̀gbà dúdú kan wà lọ́rùn ọwọ́ Adúmáadán, ó fẹ̀ díẹ̀ ju okùn aago lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló dè é mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó jáde nílé.

Ẹnjiníà ni tẹbí tará ń pe ẹ̀gbọ́n náà. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣèwádìí irinṣẹ́ ìgbàlódé fún àwọn tó ń bá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ṣe ẹ̀gbà náà. Wárápá ló ṣe é fún, torí wárápá ni àbúrò rẹ̀ ní.

Láti kékeré ni àìsàn náà ti ń bá Adúmáadán fínra. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí dókítà obìnrin kan ti bá a rí oògùn oníhóró tó bá a lára mu, tó sì ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ láìpa ọjọ́ kan jẹ, òun àti ìṣubú ti jìnnà síra. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ dé, ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Inú rẹ̀ á ṣàdédé rú, òórùn ohun tó ń jóná á gba imú rẹ̀ níbi tí nǹkan kan ò ti jóná. Kíá ni á fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wá ilẹ̀ jókòó. Níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ nìkan ló mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un pé:

"Ohun tó wà nínú ilé wa, inú ilé wa ni kó máa gbé. Lọ́jọ́ tí ayé bá gbọ́, kò ní sí ẹni tó máa fẹ́ ẹ, kò sì ní sí ẹni tó máa gbà ẹ́ síṣẹ́."

Nígbà tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ mú ẹ̀gbà náà wálé, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú ìyá àti àbúrò rẹ̀.

"Bí ọwọ́ bá ti ń lọ síwá sẹ́yìn láìdúró," ló ń ṣàlàyé, "ẹ̀gbà yìí á mọ̀ pé wárápá ti dé. Á wá kígbe kí àwọn tó wà nítòsí lè sáré wá. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde ketekete, ó lè débi òpin àdúgbò: "Ẹ gbà mí. Wárápá ń ṣe mí. Ẹ gbà mí."

Ìyá wọn dìde, ó lọ ti fèrèsé.

Adúmáadán wo ẹ̀gbà náà títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dandan ni kó dárúkọ ẹ̀? Ṣé kò lè rọra pe fóònù Màámi ni, tàbí ti ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́?"

"Fóònù tó bá rọra dún, ta ló máa gbọ́ ọ? Ariwo ló ń gba ẹ̀mí là."

"Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ wárápá, wọn ò ní sáré wá. Wọ́n á sáré lọ ni."

"Ìwọ sáà máa wọ̀ ọ́. A ti kàwé lórí nǹkan yìí dójú ẹ̀."

"Ẹ kà á lóòótọ́," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Èmi ló ń gbé ṣánlẹ̀."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá a lórí pẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ní iléeṣẹ́ wọn, ara wọn ni wọ́n ti dán ẹ̀gbà náà wò. Wọ́n á jókòó sórí àga tó ń yí, wọ́n á máa ju ọwọ́ bí ẹni tí gìrì ń ṣe, àwọn yòókù á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó ní àìsàn náà. Wọ́n pe dókítà tó ń tọ́jú Adúmáadán lẹ́ẹ̀kan pé kó wá wo iṣẹ́ wọn. Dókítà wò ó, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó wá béèrè pé:

"Àwọn wo lẹ ti bá jókòó nínú àwọn tó ní wárápá? Káfíńtà, aláta, ìyá tó ń gbọ́mọ jó. Ẹ ti béèrè bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ, ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù?"

"Mo ní ọ̀kan nílé," ni Ẹnjiníà wí.

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Dókítà, ọjọ́ tí wọ́n bí i ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

Wọn ò tún ránṣẹ́ sí dókítà náà mọ́.

Ọjọ́ tí à ń sọ yìí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wá láti òtẹ́ẹ̀lì kan kún ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe kọ́là. Ó fẹ̀, ó wúwo, èèyàn gbọ́dọ̀ fi agbára ti áyọ́ọ̀nù lọ, kó fà á bọ̀, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Adúmáadán ti wọ inú rẹ̀ tán, ó tilẹ̀ ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tí ẹ̀gbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohùn obìnrin náà ti gba ṣọ́ọ̀bù kan.

"Ẹ gbà mí. Wárápá ń ṣe mí. Ẹ gbà mí."

Nǹkan kan ò ṣe é. Ó dúró gangan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó fi ìka tẹ ojú ẹ̀gbà kó lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ tutù nítorí omi inú abọ́, ẹ̀gbà náà kì í sì í gbọ́ ti ìka tó bá lómi. Àwọn tó ṣe é kò ronú kan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wà nínú omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tú u, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Nígbà tó fi máa gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò, ó ti jó o ní apá.

"Ara mi le," ló ń wí. "Kò ṣe mí. Ẹ̀rọ ló ṣì í."

Ta ló ń gbọ́? Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání ti jáde lọ láìgba aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó de táì fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó fi áńkáṣífù bo imú. Adúmáadán bojú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ti kúrò nídìí tábìlì, ojú ọ̀gá ló ń wò.

"Ọ̀gá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.

Ọ̀gá wọn dìde. "Látìgbà wo?"

"Láti kékeré ni, ọ̀gá mi. Àmọ́ mò ń lo oògùn. Kì í sì í ràn."

"Ṣé mo bi ẹ́ bóyá ó ń ràn? Àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún mi ló máa sọ bóyá ó ń ràn."

Ọ̀pá gígùn kan wà tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́ sókè. Orí ọ̀pá yẹn ni ọ̀gá fi báàgì Adúmáadán kọ́, ó sì nà án sí i láti ìdíkejì tábìlì, bí ẹni ń fún ajá burúkú lóúnjẹ. Adúmáadán kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tó fi gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé kí wọ́n da omi inú abọ́ nù, kí wọ́n sì fọ abọ́ náà.

Nílé, ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ wo apá rẹ̀ tó jóná. "Wọ́n ti gbọ́," ló kàn ń sọ. "Gbogbo ayé ti gbọ́. Mo ti sọ fún ẹ." Ó fi epo ra ojú iná náà, torí kò mọ̀ pé omi tútù lásán ni wọ́n ń dà sí i, ojú iná náà sì wá di egbò.

Ẹnjiníà wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ló rí.

"A ti rí ìdí ẹ̀," ló wí. "Lílọ aṣọ ló jọ wárápá lójú ẹ̀rọ náà. Àṣìṣe kékeré ni. Ìwọ gan-an lo ràn wá lọ́wọ́ tá a fi mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ mi ti lọ."

"Òmíràn á wá."

Òmíràn kò wá. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójú ọ̀nà á rí Adúmáadán, ọ̀kan á ṣubú lulẹ̀, á máa gbọ̀n, àwọn tó kù á máa kígbe, "Ẹ gbà mí, ẹ gbà mí." Àwọn òbí wọn ń wò, wọn ò bá wọn wí. Ó wá di pé kò jáde mọ́.

Oògùn rẹ̀ sì ń tán lọ.

"Màámi, ó yẹ kí n lọ gba òmíràn nílé ìwòsàn."

"Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀ ná," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí wọ́n bá rí ẹ lórí ìjókòó níbẹ̀ lásìkò yìí, ó di òótọ́ nìyẹn. Mú ohun tó kù, kó o máa dá a sí méjì."

Ìyá náà kì í ṣe ìkà. Ìtìjú ló jẹ gàba lé e lórí, ìtìjú a sì máa ṣe ohun tí ìkà ń ṣe. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ hóró oògùn sí méjì. Nígbà tó yá, kò sí èyí tó máa ṣẹ́ mọ́.

Láàárín ìgbà náà ni Ẹnjiníà gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Àwọn tó fẹ́ fi owó sí iṣẹ́ wọn ń bọ̀ wá wo ẹ̀gbà náà, wọ́n sì fẹ́ rí ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

"O kàn máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Wàá rẹ́rìn-ín, wàá na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí i, ó tán."

"Ṣé kò ní pariwo mọ́?"

"Mo ti dín agbára ẹ̀ kù. Kò ní máa yára dún mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn mi ti tán. Ara mi ò balẹ̀ rárá."

Fóònù ni Ẹnjiníà ń wò. "Bá a bá ti ṣe tán, èmi fúnra mi máa gbé ẹ lọ gbà á. Má jẹ́ kí n kàn ṣèlérí fún àwọn èèyàn kí n wá jẹ́ òpùrọ́."

Ó gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí rẹ̀, ó kàn kọjá ni. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe àfihàn náà dára. Àga wà ní ìlà, tíì àti bisikíìtì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iná kámẹ́rà sì mọ́lẹ̀ débi pé Adúmáadán kò lè wo iwájú. Wọ́n ní kó má tíì jókòó, kó lè hàn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń sọ bí òun ṣe fẹ́ràn àbúrò òun tó, ó ní ìfẹ́ yẹn ló bí iṣẹ́ náà. Àwọn àlejò ń mi orí. Obìnrin kan tilẹ̀ ń nu ojú.

Òórùn ohun tó ń jóná gba imú Adúmáadán.

Ó fa apá ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí jẹ́jẹ́, "ó ń bọ̀."

Ẹnjiníà kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, ó sì na ọwọ́ kan sí àbúrò rẹ̀, bí a ṣe ń sọ fún ọmọ tó ń yọni lẹ́nu pé kó mú sùúrù.

Adúmáadán ké lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú gbàlà, ara rẹ̀ le gbagidi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara àfihàn náà ni. Wọ́n ń retí kí ẹ̀gbà dún, wọ́n ti gbé fóònù sókè láti yà á. Ẹ̀gbà náà dákẹ́. Agbára rẹ̀ tí wọ́n dín kù kí ọ̀rọ̀ aṣọ lílọ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, wọ́n ti dín in kù débi pé kò mọ wárápá fúnra rẹ̀ mọ́. Àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Ẹnjiníà.

Ó sáré. Kò sáré lọ bá àbúrò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló sáré lọ bá, ó ń wo ìdí tí ẹ̀gbà kò fi dún.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ẹ̀gbà wárápá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wárápá gbé. Ọkùnrin kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Òmíràn fi orúnkún tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kó má baà máa gbọ̀n, èjìká náà yẹ̀, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe yẹ̀. Ẹnì kan ké pé, "Ahọ́n ẹ̀ o, kó má gé ahọ́n ẹ̀ jẹ," ó sì sá lọ sídìí tábìlì tíì, ó mú ṣíbí, ó kì í bọ àárín eyín Adúmáadán tipátipá. Eyín ń pa dé, ó ń fi ṣíbí ṣí i. Eyín méjì níwájú kán. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nígbà tí ẹnì kan rí ẹ̀jẹ̀, ó ṣí ìgò omi, ó dà á sí i lẹ́nu kó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn fóònù kò sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá gbé e, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ síbi ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó rọ jọwọlọ ń fì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbà náà tó ta jí. "Ẹ gbà mí," ló ń kígbe láti òkè àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀. "Wárápá ń ṣe mí. Ẹ gbà mí."

Nílé ìwòsàn, Dókítà ló jáde wá bá ìyá àti Ẹnjiníà níbi tí wọ́n jókòó sí. Kò gbé ohùn sókè.

"Ta ló ní kó dá oògùn dúró?"

Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ni."

"Màmá, oògùn wárápá kì í ṣe ohun tá à ń dá dúró lójijì. Kódà bí ara bá ti yá láti ọdún pípẹ́, dókítà ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, àìsàn náà á padà wá pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè pààyàn."

"Kí ló yẹ ká ṣe nígbà tó ṣubú?" ni Ẹnjiníà béèrè.

"Nǹkan kékeré ni. Ẹ̀ bá kó ohun líle kúrò nítòsí ẹ̀, ẹ̀ bá fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ̀ bá tú ohun tó bá fún un lọ́rùn. Ẹ̀ bá fi í sílẹ̀ kó gbọ̀n, torí agbára èèyàn ò lè dá a dúró. Èèyàn kàn lè ṣẹ́ ẹ léegun ni. Bí gbígbọ̀n yẹn bá ti rọlẹ̀, ẹ̀ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ dúró tì í títí ojú ẹ̀ á fi wálẹ̀. Kí ẹ sì máa wo aago. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí bó bá tún bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ ibi tó wà, tàbí bó bá farapa, ẹ gbé e wá kíákíá. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe ẹnì kan, tàbí tó jẹ́ aboyún, tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú omi, ẹ ò tún ní wo aago rárá kẹ́ ẹ tó gbé e wá."

"Ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò," ni Ẹnjiníà wí.

"Kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì. Ó lè gé e jẹ díẹ̀, ahọ́n á jinná. Eyín tí ẹ fi ṣíbí kán kò ní hù mọ́. Omi tí ẹ dà sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló gba lọ. Ìyẹn ló ń bá jà báyìí, kì í ṣe wárápá."

Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá àìsàn náà kò ní gba inú itọ́ ran òun bí òun bá wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá tó bí i ni. Dókítà jókòó tì í.

"Ọpọlọ ni wárápá ti ń wá, Màmá. Kì í gba inú itọ́ lọ sára ẹnikẹ́ni. Kò sí bó ṣe lè ran yín."

Ọjọ́ bíi mélòó kan ni ibà àti àyà dídùn fi dá Adúmáadán dùbúlẹ̀, tí wọn ò mọ̀ bóyá á yè. Nígbà tó wá lè jókòó, tí wọ́n ti fi ọ̀já gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó ti rù. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè gba ohùn sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, sọ fún mi," ló wí. "Kí ló yẹ ká yí padà lára ẹ̀gbà yìí? Gbogbo ohun tó o bá sọ ni mo máa gbọ́."

Nígbà tí Adúmáadán sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí eyín ti yọ jáde, ọ̀rọ̀ náà kò sì já gaara.

"Nígbà tí eyín mi pé, ẹ ò bi mí."

"Mo mọ̀. Mo jẹ̀bi. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Ẹ gbé fóònù yín."

Ó gbé e. Àbúrò rẹ̀ yí ojú sí ògiri, kò sì yí i padà títí ó fi jáde.

Apá náà kò padà sí bó ṣe wà. Kò lè gbé áyọ́ọ̀nù mọ́, ká tilẹ̀ ní ẹnì kan fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, ọmọbìnrin mìíràn ti wà níwájú tábìlì, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wá kí i. Fídíò tí àwọn àlejò yà ti kárí, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iléeṣẹ́ náà yọ Ẹnjiníà níṣẹ́, wọ́n ní àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lórí ẹ̀gbà kan náà. Nígbà tí wọ́n dá Adúmáadán sílẹ̀ nílé ìwòsàn, kò padà sílé ìyá rẹ̀. Ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ló gbà lọ, ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wá kó tó wá yàrá. Ìyá rẹ̀ ń pè é lórí fóònù. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé e. Nígbà tó pọ̀ jù, kì í gbé e.

Ẹnjiníà wá ń lọ síbi tí Dókítà ti ń rí àwọn tó ní wárápá, ó ń jókòó láàárín wọn lórí àga gígùn. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí ayé ṣe rí fún wọn. Wọ́n ti rí fídíò náà. Káfíńtà kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló wá yíjú sí i níkẹyìn.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ̀yin ti fá a tán, ẹ̀jẹ̀ ti dà. Kí lẹ tún wá fá?"

Ẹnjiníà jókòó síbẹ̀. Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún jókòó, kò mú fóònù dání. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó sún sí i láti bá a sọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n sì sọ fún un lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un nídìí tábìlì nílé kí ohunkóhun tó bàjẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má fi Ẹnjiníà nìkan ṣe ẹni burúkú, kẹ́ ẹ wá pa ìwé dé lọ sùn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ní wárápá, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, wà nínú ilé yín báyìí. Ẹ má fi ìtìjú gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má lé e níṣẹ́ nítorí ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ṣubú níwájú yín, ẹ ju ṣíbí nù, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ dúró tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irinṣẹ́ fún aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ kí ayé mọ̀ àti ohun tó fẹ́ fi pamọ́. Ẹni tó ń ṣàìsàn náà ló ni ara rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀. Ẹ bi í, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ.